Bí A Ti Í Tún Ìdúró Ọmọ Ṣe Nínú Eré Gọ́ọ̀fù

Nígbà tí wọ́n pín àwa mẹ́ta lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lápá Ìbá láti ṣe ìdánrawò ìkọ́ni, a fi eré gọ́ọ̀fù kún ẹ̀kọ́ ìdárayá wa fún kíláàsì karùn-ún. Àwọn kan nínú yín fi wá rẹ́rìn-ín nígbà náà, wọ́n ní eré àwọn olówó Ìkòyí ni a fẹ́ gbé wá fún ọmọ aláta àti ọmọ ẹlẹ́ja. Ẹ̀rín náà kò dùn wá. Ohun tí ó dùn wá ni pé nínú ọ̀sẹ̀ kejì, ó kù díẹ̀ kí a fi ẹnu ara wa lé ọmọ kan kúrò lórí pápá pátápátá, nítorí pé a kò mọ ibi tí ó yẹ kí ènìyàn ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ti ara ni a ń wí, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òun náà ni ẹ̀kọ́ wa yìí dá lé lórí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí eré náà jẹ́ fún ẹni tí kò rí i rí. Ènìyàn yóò dúró ti bọ́ọ̀lù kékeré kan tí ó wà nílẹ̀, yóò fi ọ̀pá gbá a títí yóò fi wọ inú ihò kan lọ́nà jíjìn. Ẹni tí iye ìgbà tí ó gbá a bá kéré jù lọ ni ó borí. Bọ́ọ̀lù náà kò tó ẹyin adìẹ: òfin eré náà ní kí ìbú rẹ̀ má dín ní mílímítà 42.67, kí ìwọ̀n rẹ̀ má sì ju gíráàmù 45.93 lọ. Ọ̀pá tí ènìyàn lè gbé dání kò gbọdọ̀ ju 14 lọ. Eré àtijọ́ ni. Ní 1457, àwọn aṣòfin ilẹ̀ Scotland fi òfin dè é, nítorí pé kò jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ráyè kọ́ ọfà títa. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1938 ni wọ́n dá Ikoyi Club sílẹ̀ ní Èkó. Ìkẹjà àti Ìbàdàn náà ní pápá tiwọn. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n sọ eré yìí di iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n kọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń ru àpò ọ̀pá fún àwọn ọ̀gá, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní kádì. Láti Okokomaiko dé Ìkòyí kì í ṣe ìrìn kékeré. Reluwé aláwọ̀ búlúù tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023 láti Marina dé Mile 2 ni a ṣètò pé kí ó parí sí Okokomaiko, ṣùgbọ́n a kò dúró dè é. Pápá bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ náà ni a lò.

A kò ní ọ̀pá gọ́ọ̀fù kankan. Káfíńtà kan ni ó bá wa kan igi pẹlẹbẹ mọ́ ìdí ọparun mẹ́fà, bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì tí ó ti gbó ni a sì ń gbá. Bí a bá tilẹ̀ pè é ní gbígbá, a ti ṣi ọmọ lọ́nà díẹ̀. Fífì ni. Ọ̀pá a kọ́kọ́ lọ sẹ́yìn, ara a bá a yí títí ẹ̀yìn ẹni yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjú sí ibi tí a fẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ. Lẹ́yìn náà ni ara yóò yí padà, ọ̀pá yóò sì tẹ̀lé e wá bí àdá ẹni tí ń ṣán oko. Láti inú yíyí ara ni agbára rẹ̀ ti ń wá, apá kàn ń gbé e dé ibi tí ó ń lọ ni. Nítorí náà, ohunkóhun tí ó bá dí ara lọ́wọ́ àtiyí ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ kí ọ̀pá tó kúrò nílẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì náà tí a kò ní dárúkọ. Ó ga ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó sì máa ń tètè tijú. Bí ó bá ti dúró ti bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn rẹ̀ a ká bí ọ̀kùn tí a fọwọ́ kàn: èjìká a yọ síwájú, àgbọ̀n a wọ inú àyà, orúnkún a sì le gbagidi. Nígbà tí ó bá wá fi ọ̀pá, ọwọ́ nìkan ni yóò gbé e sókè nítorí pé àyà kò lè yí. Bí ọ̀pá ti ń bọ̀ wálẹ̀ ni gbogbo ara yóò sì nà sókè lójijì, bí ẹni tí èèrà ta. Nígbà mìíràn ọ̀pá a gbá ilẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ bọ́ọ̀lù, nígbà mìíràn a gba orí bọ́ọ̀lù kọjá. Àwọn ọmọ yòókù a hó yèè.

Ọ̀kan nínú wa, kò pọn dandan kí a sọ ẹni tí í ṣe, ké sí i pé, “Tẹ orí rẹ ba! Tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù!” Ọ̀rọ̀ yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń kọ́ni ní gọ́ọ̀fù, láti ẹnu ọkùnrin kan tí ó ti ru àpò rí nígbà èwe rẹ̀ ni àwa ti gbọ́ ọ. Ọmọ náà gbọ́ràn. Ó tẹ orí ba, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tún ká sí i. Ẹnì kejì nínú wa rí i, ó ní, “Na ẹ̀yìn rẹ!” Ó tún gbọ́ràn: ó na ẹ̀yìn títí ìdí rẹ̀ fi yọ sẹ́yìn bí ti pẹ́pẹ́yẹ, tí ikùn rẹ̀ sì so sílẹ̀ níwájú. Ẹnì kẹta ní kí ó rọ orúnkún, ó bá lóṣòó. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó fi ọ̀pá lélẹ̀, ó wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì béèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ni, àbí kí n nàró?”

Kò sí ẹni tí ó rí èsì fún un nínú wa. Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹni tí ó gbé ọmọ odó mì kò ní lè dúró, kò sì ní lè bẹ̀rẹ̀. Àwa ni a fi ọwọ́ ara wa ti ọmọ odó bọ ọmọ ọlọ́mọ lọ́fun. Nígbà tí a tún jáde sí pápá ní Ọjọ́bọ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú àwọn tí ara wọn kò yá. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. A fẹ́ rò pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí a tún bi í, ó fi kún un pé eré náà kò wà fún irú ènìyàn bí tòun. Gbólóhùn kejì yìí ni kò jẹ́ kí a sùn dáadáa. Ẹ̀yìn a máa sàn. Ọmọ tí ó bá ti gbà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá pé nǹkan kan kò wà fún òun, ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn rẹ̀?

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀lé e, a ń lọ sí Ọ̀jọ́ lẹ́bàá ọ̀nà Àgbádárìgì, a sì kọjá níbi tí àwọn ènìyàn gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú sí. Ọmọ náà ni a rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ tí wọ́n ń fa koríko lórí ebè. A dúró, kò tíì rí wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yà ní ìwọ̀n èjìká, orúnkún rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ìdí rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí tábìlì. Bí a bá gbé abọ́ omi lé e, bóyá ni ìkán kan yóò dà. Bí ó bá fẹ́ fa ti ọ̀tún, àyà rẹ̀ a yí sọ́tùn-ún. Bí ó bá kan ti òsì, a yí sósì, ìbàdí rẹ̀ kò sì kúrò ní ipò rẹ̀. Ohun tí a fi ọ̀sẹ̀ méjì pariwo lé lórí ni ọmọ náà ń ṣe yìí, tí ó sì ń bá ìyá rẹ̀ tàkúrọ̀sọ lọ.

Nígbà tí ó rí wa, ó dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù. A kí ìyá rẹ̀ pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà,” òun náà sì dáhùn pé, “Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin tíṣà.” Ọ̀kan nínú wa kò lè pa á mọ́ra, ó bi í léèrè bí ó ti ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀ tí kò fi rẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ìdí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá fi ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, ta ni yóò gbé mi dìde lálẹ́?”

Èsì tí a kò rí fún ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ibi méjì ni ènìyàn ti lè ṣẹ́ ara rẹ̀ po síwájú. Èkíní ni oríkèé tí itan ti wọ ìbàdí, níbi tí orí egungun itan, tí ó rí róbótó, ti jókòó sínú kòtò rẹ̀ bí ọmọ odó nínú odó. Oríkèé yìí lágbára, a sì dá a láti máa ṣí kí ó sì máa pa dé bí ilẹ̀kùn lórí híńjì. Èkejì ni egungun ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, tí ó jẹ́ egungun kéékèèké 24 láti ọrùn dé ìbàdí: 7 ní ọrùn, 12 ní ẹ̀yìn àyà níbi tí egungun ìhà ti so mọ́ ọn, 5 ní ẹ̀yìn ìsàlẹ̀. Àwọn 5 ìsàlẹ̀ lè tẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò lè yí. Oríkèé kọ̀ọ̀kan wọn kò ju nǹkan bí dígírì 1 tàbí 2 lọ sí ọ̀nà kan. Àwọn 12 ti àyà àti oríkèé itan méjèèjì ni wọ́n ń ru ẹrù yíyí. Ẹni tí ó bá wá ká ẹ̀yìn àyà rẹ̀ kò ti ti àwọn 12 náà pa. Kò sì lè rí yíyí náà gbà níbòmíràn àfi kí ó fipá gbà á lọ́wọ́ àwọn 5 ìsàlẹ̀ tí kì í ṣe iṣẹ́ wọn, tàbí kí ó fi apá nìkan fi ọ̀pá. Ọmọ wa ń ṣe méjèèjì. Ẹ̀yìn tí ó ní ó ń dun òun, òtítọ́ ni.

Kí ẹ má gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́ lásán. Ẹ jókòó lórí àga tí kò ní ìfẹ̀yìntì, ẹ ká ẹ̀yìn kò bí ẹni tí oorun ń kùn, ẹ ká ọwọ́ lé àyà, kí ẹ sì yí sọ́tùn-ún títí dé ibi tí ẹ bá lè dé láìjẹ́ pé ìdí kúrò lórí àga. Ẹ wo ohun tí ojú yín bá lára ògiri. Ẹ padà sí ipò, ẹ gbé àyà sókè bí ẹni tí a fi okùn fà ní àtàrí, kí ẹ tún yí. A ṣe é nínú kíláàsì náà, a fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọmọ kan tí àmì rẹ̀ kejì kò kọjá èkíní. Ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ náà mú kí olùkọ́ kíláàsì kẹrin wá yọjú.

Àwọn olùkọ́ gọ́ọ̀fù lókè òkun fi lẹ́tà C pe ìdúró oníké yìí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí bí a bá wo ẹni náà láti ẹ̀gbẹ́. Wọ́n sì fi S pe ti ẹni tí ó yọ ìdí sẹ́yìn jù, tí ikùn rẹ̀ dẹ̀, tí gbogbo ẹrù sì bọ́ sórí oríkèé ẹ̀yìn ìsàlẹ̀. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé C ni ọmọ náà mú wá láti ilé. S, àwa ni a fi ta á lọ́rẹ. Ẹni tí a bá kàn ní kí ó na ẹ̀yìn láìfi oríkèé itan hàn án, kò ní ibòmíràn tí yóò ti nà án ju ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn lọ.

Ben Hogan, ọ̀gá eré náà ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀rọ̀ ìjókòó ṣe àlàyé ìdúró nínú ìwé rẹ̀ Five Lessons tí ó jáde ní 1957: ó ní kí ènìyàn rọra sọ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ jókòó sórí irú ọ̀pá ìjókòó tí àwọn aláwòran eré ń mú dání. Àkàwé náà dára fún ẹni tí ó mọ irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ wa kò mọ̀ ọ́n. Sọ fún ọmọ Ìbá pé kí ó ṣe bí ẹni fẹ́ jókòó láìsí àga, ìlóṣòó ni yóò ló, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i. Àkàwé wọn ti wà lọ́wọ́ ìyá wọn lórí ebè ẹ̀fọ́, àwa ni a kò wò ó.

Ohun èlò àtúnṣe wa kò ju igi ìgbálẹ̀ gígùn kan lọ. Ọmọ yóò gbé igi náà sẹ́yìn lóòró, ọwọ́ kan lẹ́yìn ọrùn, ọwọ́ kan lẹ́yìn ìsàlẹ̀, tí igi yóò fi kan ara rẹ̀ níbi mẹ́ta: ìpàkọ́, àárín egungun èjìká méjèèjì, àti ibi tí egungun ẹ̀yìn parí sí lókè ìdí. Ẹ ní kí ó máa bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀kankan nínú ibi mẹ́ta náà má ṣe kúrò lára igi. Bí ìpàkọ́ bá kúrò, orí ni ó ń tẹ̀ ba. Bí ìsàlẹ̀ bá kúrò, ẹ̀yìn ni ó ń ká. Ẹ má bá a wí, ẹ jẹ́ kí igi bá a wí. Ọmọ kì í bínú sí igi. Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí ó kẹ̀yìn sí ògiri, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí i ní ìwọ̀n àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan, kí ó sì fi ìdí wá ògiri kàn láìlóṣòó. Orúnkún yóò rọ̀ fúnra rẹ̀ níwọ̀n tí ó yẹ. Ẹrù ara yóò wà ní àárín àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ìka ẹsẹ̀ bá ń di ilẹ̀ mú, ó ti lọ síwájú jù.

Ọ̀rọ̀ orí fẹ́ ìṣọ́ra. A ti fi “tẹ orí rẹ ba” sílẹ̀ pátápátá. Ojú ni yóò wolẹ̀, orí yóò tẹ̀lé ẹ̀yìn, kí àyè ìkúùkù kan sì wà láàárín àgbọ̀n àti àyà. Àwọn ọmọ fẹ́ràn láti máa fi ìkúùkù wọn ara wọn níbẹ̀, kò sì ní í pẹ́ di ìjà bí olùkọ́ kò bá ṣọ́ra.

Nígbà tí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó jẹ́ kí apá méjèèjì so wálẹ̀ láti èjìká bí aṣọ lórí okùn. Ibi tí ọwọ́ bá so sí ni yóò ti di ọ̀pá mú. Ibi tí orí ọ̀pá bá kàn nílẹ̀ ni a ó gbé bọ́ọ̀lù sí. Ìhín ni àṣìṣe wa mìíràn ti fojú hàn. Àwa a máa gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ kí a tó pe ọmọ wá, òun náà a sì máa nàgà sí i. Èyí tí ó sì burú ju ìyẹn lọ, ọparun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gùn dọ́gba, ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀ péré. Fún àwọn kúkúrú ó dára. Fún ọmọ tí ó ga jù lọ nínú kíláàsì, kò sí bí kò ṣe ní ká ẹ̀yìn kí ọ̀pá tó lè kanlẹ̀. A ti fi ọ̀sẹ̀ méjì bá ẹ̀yìn ọmọ jà nígbà tí ó jẹ́ pé ọparun ni ó jẹ̀bi. Kí olùkọ́ tó la ẹnu, kí ó kọ́kọ́ wọn ọ̀pá.

Ó tún kù bí a ó ti pa ìdúró náà mọ́ nígbà tí ọ̀pá bá ń lọ. Ẹlòmíràn a dúró dáadáa, ṣùgbọ́n bí ọ̀pá bá ti ń bọ̀ wálẹ̀, ìdí rẹ̀ a sáré lọ síwájú bọ́ọ̀lù, ara a sì nàró. Ògiri náà ni a fi ń wò ó sàn. Láìmú ọ̀pá, ọwọ́ ní àyà, ọmọ yóò yí sẹ́yìn kí ìdí ọ̀tún lè tẹ ògiri. Bí ó bá ń yí padà, kí ìdí òsì tẹ̀ ẹ́ kí ọ̀tún tó kúrò. Ìyẹn jẹ́ fún ẹni tí ń lo ọwọ́ ọ̀tún. Alòsì yóò yí i padà. Ẹ ṣe é lọ́ra. Bí a bá ń sáré ṣe é, ìwà àtijọ́ ni ara yóò máa ṣe.

A kò wí pé gbogbo ẹ̀yìn tí ó ká ni a lè tún ṣe ní ọjọ́ kan. Ọmọ tí ó ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí kò bá a mu ní ojoojúmọ́, tàbí àgbàlagbà tí ń tẹ̀ lé fóònù láti òwúrọ̀ di alẹ́, iṣan àyà rẹ̀ lè ti sunkì. Ẹ ní kí ó fẹ̀yìn ti ògiri, kí ó na apá méjèèjì sókè. Bí apá kò bá lè kan ògiri láìjẹ́ pé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn kúrò, líle ni, kì í ṣe àìmọ̀, sùúrù ni yóò sì gbà. Ẹ̀yìn kì í ṣe ohun àmúṣeré nínú eré yìí. Tiger Woods pàápàá, tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ẹ̀yìn ní 2014, wọ́n sì tún ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ títí di 2017 tí wọ́n fi so egungun ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, kí ó tó tún gba ife-ẹ̀yẹ Masters ní 2019.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta, a gé ọparun tuntun tí ó gùn tó fún ọmọ náà, a sì pè é jáde lábẹ́ igi. A kò ní kí ó bẹ̀rẹ̀, a kò sì ní kí ó nàró. A ní, “Fa koríko.” Ó wò wá bóyá a ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni, nígbà tí ó rí i pé a kò rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fa koríko gidi kan tu lórí pápá. A ní kí ó dúró bẹ́ẹ̀, kí ó kàn gbé àyà sókè díẹ̀ títí ọwọ́ yóò fi so, a sì fi ọ̀pá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó tàsé èkíní. Èkejì yí gbirigbiri lórí ilẹ̀ lọ bí ìwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Ẹ̀kẹta kò fi ara kan ilẹ̀ rárá: ó gba orí igi góòlù kọjá, ó fo ọgbà, ó sì bọ́ sínú àgbàlá ẹni kan lódì kejì. Kò sí ẹni tí ó hó. Gbogbo wọn ń wo ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù gbà lọ.

Láti ọjọ́ náà ni “Fa koríko!” ti di ohun tí àwọn ọmọ náà fi ń bá ara wọn wí lórí pápá, òun gan-an sì ni ó ń pariwo rẹ̀ jù. Bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì wa ku mẹ́rin, nítorí pé onílé náà kò tíì dá èkarùn-ún padà.